Jìtá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gbọ́

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ìlú wa ní Abuja níbí ní kí àwa àgbà kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ lè rí nǹkan dì mú. Akọ̀wé wọn wá sílé mi. Ó jókòó pẹ́. Ó ní, "Bàbá Ṣọlá, ẹ máa kọ tiyín, àbí?"

Mo ní, "Hẹn."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kọ 'Hẹn' nìkan sínú ìwé o."

Mo máa gbìyànjú. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń san owó orí, ìjọba ì bá ti gbé mi lọ sẹ́wọ̀n.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi nígbà tí mo ń kọ́ A, B, D. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, àwọn ọmọ dìde, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Tíṣà gan-an ló sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó, pé ẹgbẹ́ wọn ni mí. Lẹ́yìn ìwé, mo kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, mo sì fi jẹun títí mo fi súnmọ́ ogójì ọdún. Ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ó ti pẹ́ jù fún yín ní ọmọ ogún ọdún, ẹ jókòó. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Nígbà tí ìjọba kéde pé Abuja ni olú-ìlú tuntun máa wà, àwa oníṣẹ́ ọwọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá wọ́ lọ síbẹ̀. Abuja tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Ìlú àtijọ́ nì ni, èyí tí wọ́n wá sọ ní Suleja lẹ́yìn náà. Ibi tí wọ́n ń kọ́ ilé ńláńlá sí lónìí, igbó àti òkúta ni nígbà náà, pẹ̀lú abúlé àwọn Gwari níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Ní Suleja yìí, olórin kan gbé àpótí ẹ̀rọ agbóhùnsókè rẹ̀ wá fún mi kí n tún un ṣe. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Lásúnkànmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá tètè gbéyàwó ni, mo lè bí i. Mo tún àpótí náà ṣe, ó so jìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ kan okùn kan ṣoṣo. Ìró náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú mi. Mo gbé òòlù sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kọ́ mi."

Ó wo ewú tó wà lórí mi. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín wo ló fẹ́ kọ́ ọ?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ọ̀rọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́ kò gùn. Èmi á máa kan àpótí fún un, òun á máa kọ́ mi ní jìtá. Báyìí ni ọmọdé ṣe di ọ̀gá mi. Èmi ń pè é ní "ọ̀gá," mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ń pè mí ní "Bàbá Ṣọlá," ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò lè mọ ẹni tí ń kọ́ ẹnì kejì, àfi bí ó bá dúró gbọ́ èébú.

Nítorí ó le. Ó máa dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó máa dìde, ojú rẹ̀ á yí padà. "Bàbá Ṣọlá, ẹ mú ọwọ́ òsì wá."

Ọwọ́ òsì ni a fi ń tẹ okùn jìtá mọ́ ọrùn rẹ̀. Bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, orí ìka á le bí èèpo igi. Ọ̀gá mi a fi èékánná tẹ orí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rọ̀, a ní, "Kí lẹ fi ọwọ́ yìí ṣe lánàá, ẹ fi gba ẹ̀kọ?"

Ìta ṣọ́ọ̀bù la ti ń ṣe é, lójú ọ̀nà. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, áńbọ̀sì kí àgbàlagbà máa na ọwọ́ òsì sí ọmọdé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ará ìlú wa kan rí mi, kò bi mí léèrè. Ó lọ sílé, ó sọ fún ìyá mi pé mo ti bàjẹ́ ní ilẹ̀ Hausa, pé ọmọdé kan ti di ọwọ́ òsì mi mú, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbààwẹ̀.

Òfin rẹ̀ kejì ló ṣe mí lóore jù, òun náà ló sì kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ. Kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ so jìtá mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè.

"Ọ̀gá, n kò gbọ́ ohun tí mo ń lù."

"Ẹ ṣọpẹ́. Èmi ń gbọ́ ọ, ó ń dùn mí."

Jìtá oníná tí kò sí iná lára rẹ̀ dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi mọ ọgbọ́n kan. Ó ní kí n gbé orí jìtá ti nǹkan onípákó, pákó náà á gba ìró rẹ̀, á sì sọ ọ́ fún mi. Òótọ́ ni. Káfíńtà ni mí, mo dán gbogbo pákó wò: ilẹ̀kùn, bẹ́ǹṣì, odó ìyàwó mi. Odó dára gan-an. Àbẹ̀kẹ́ ní òun kò lè dúró kí orin parí kí òun tó gúnyán. Ni mo bá fi ọ̀gánwó kan kọ́bọ́ọ̀dù kan. Bí mo bá gbé orí jìtá tì í, ìró náà á jáde ní pẹ̀lẹ́, á gbóná, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń kùn nínú yàrá.

Mo kọ́ṣẹ́ títí orí ìka mi fi le. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá mi tẹ̀ ẹ́, èékánná rẹ̀ kán. Ó wo èékánná, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ." Ayẹyẹ ìgbòmìnira mi nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ ìkọ́lé ti gbóná ní Abuja tuntun, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Garki gba ẹgbẹ́ olórin ọ̀gá mi pé kí a máa kọrin fún àwọn àlejò ní ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo ń lu jìtá àkọ́kọ́, èyí tó ń ṣáájú. Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ kó kúrò ní Suleja. Yàrá ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn ju omi lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ń sùn sínú ọkọ̀ akóyanrìn. A rí yàrá kan ní Dutse Alhaji lọ́wọ́ bàbá Gwari kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Tanko.

Bàbá Tanko jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, ó sì gbọ́n. Ó rí i pé èèyàn ń wá yàrá, ó mú yàrá ńlá kan, ó fi pátákó tí àwọn akọ́lé fi ń da kọnkéré gé e sí méjì. Síménǹtì ṣì wà lára pátákó náà. Ẹnì kan ń gbé apá kejì: Málàmù Sani, tó ń ṣe mégáàdì ní àgbàlá ilé iṣẹ́ àwọn akọ́lé kan. Alẹ́ ni Málàmù ń ṣọ́ ilé, ọ̀sán ló ń sùn.

Bàbá Tanko kò fi nǹkan pamọ́ fún wa. Ó fi Hausa sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́, kí ó lè yé mi. "Sani ti pẹ́ níbí. Ó ń sùn lọ́sàn-án. Ẹni tó gbé yàrá yìí kẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ ń gún ata lọ́sàn-án. Wọn kò sí níbí mọ́." Ó tọ́ka sí jìtá tí mo gbé kọ́ èjìká. "Bí Sani bá wá sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó kó jáde. Kí lo ń fi ìyẹn ṣe?"

Mo ní, "Iṣẹ́."

Ó ní, "Kai."

Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí nìyẹn, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí mo bá lu jìtá nílé, a ó pàdánù yàrá. Bí n kò bá lu jìtá nílé, ọwọ́ mi á rọ̀, ọ̀gá mi tó ṣì ń tẹ ìka mi kí a tó gun orí pèpéle á mọ̀, mo máa pàdánù iṣẹ́. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì máa ń wà ní títì títí di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé jìtá lọ sí ìdí àpáta tó wà lẹ́yìn abúlé. Atẹ́gùn gba ohùn rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn màlúù yí mi ká, wọ́n ń wò mí, darandaran náà sì bi mí pé ṣé nǹkan tí mo dì mọ́ra yẹn ń ṣàìsàn ni.

Mo padà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ó ti ń mì díẹ̀díẹ̀, mo fi ìṣó gígùn kan án mọ́ pátákó tó pín yàrá wa sí méjì. Káfíńtà ni mí, n kì í fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ kó máa mì. Ó dúró gírígírí. Ohùn jìtá tilẹ̀ tún dára sí i. Mo ń lù ú ní wẹ́rẹ́, mo ń fi etí sí òdì kejì. Kò sí ariwo níbẹ̀, àfi ìhanrun Málàmù. Mo ní Ọlọ́run ti bá mi ṣe é.

Báyìí la ṣe gbé ọ̀pọ̀ ọdún. Àbẹ̀kẹ́ ń dirun fún àwọn obìnrin níwájú ilé. Bí kò bá sí oníbàárà, a wọlé wá, a jókòó sílẹ̀, a fi ẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Bí mo bá pàdé Málàmù lẹ́nu kànga, mo máa ń kí i, "Sànnu, Málàmù." A ní, "Yauwa, sànnu," a wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kún un, a sì gbé omi rẹ̀ lọ. Ọkàn mi a máa já.

Ẹ̀rù yìí ló jẹ́ kí n máa wá irinṣẹ́ tó tún dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí rédíò kásẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ wa, mo so jìtá mọ́ ibi tí ó fi ń gba ohùn sílẹ̀, mo ki okùn ìgbọ́rọ̀ kékeré bọ etí kan. Ohun tí mo gbọ́ dà bí eṣinṣin inú ìgò. Mo fún un ní agbára díẹ̀ sí i, eṣinṣin náà bínú. Mo fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo rí àpótí kékeré. Ẹnjiníà òyìnbó kan tó ń gbé ní Maitama, tí òun náà ń lu jìtá, máa ń wá gbọ́ wa ní òtẹ́ẹ̀lì. Bí ó ti fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó fún mi ní ẹ̀rọ kan tí kò ju páálí ṣúgà lọ. Bátìrì ni ó ń jẹ. A máa ń fi kọ́ ìgbànú, a so jìtá mọ́ ọn, a sì fi héèdífóònù bo etí méjèèjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí mo ti fi ọwọ́ kan okùn, mo wà nínú gbọ̀ngàn ńlá! Ohùn ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ga tó mi ló wà nínú etí mi. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn á máa dún padà bí ẹni pé mo wà láàárín àpáta. Mo yọ ọ́ kúrò létí. Kẹ́kẹ́ pa. Aláǹgbá lórí ògiri kò mira.

Mo ní, ó parí. Kò tún sí ẹni tó máa gbọ́ mi láéláé.

Lásìkò yẹn gan-an ni ọmọ wa Ṣọlá bímọ ní ìlú, Àbẹ̀kẹ́ sì lọ wẹ ọmọ. Ó ku èmi nìkan. Mo gbé jìtá kúrò lára kọ́bọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ dọ̀sán, héèdífóònù wà létí mi. Ohun tí n kò mọ̀, tí kò sì sí ìyàwó nílé tó máa sọ ọ́ fún mi, ni pé ẹni tó bo etí rẹ̀ kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bí mo ti ń lù ú, mo ń kọrin tẹ̀lé e. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀! Ohùn mi kò dára, wọ́n ti lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí. Níbi tí orin bá ti le, mo ń kérora. Mo sì ń janlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Àwọn ará ilé kò gbọ́ jìtá kankan. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni àgbàlagbà ọkùnrin tó dá nìkan wà ní yàrá, tó ń ké, "Ùùùh! Hẹẹẹn! Ó kù díẹ̀! Ó ń bọ̀!" tó sì ń janlẹ̀.

Ní ọjọ́ kan Ìyá Bọ́sẹ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń gbé yàrá iwájú, gbé ìgò àgbo kan wá. Kò wo ojú mi.

"Bàbá Ṣọlá, ẹ mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ má wulẹ̀ tijú. Bàbá Bọ́sẹ̀ náà ní i. Jẹ̀díjẹ̀dí kì í ṣe ẹ̀sùn."

"N kò ní jẹ̀díjẹ̀dí."

"A ti gbọ́, Bàbá. Gbogbo ilé ló gbọ́. Ẹ ṣáà mu ún."

Èèyàn kì í kọ oore aládùúgbò. Mo mu ún. Ó korò, mo sì mu ún tán kí n má bàa tún gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lórí pèpéle òtẹ́ẹ̀lì, ó di àkókò tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ń dákẹ́ kí jìtá mi nìkan lè dún. Wọ́n dákẹ́. Àgbo kò dákẹ́. Mo gbé jìtá lé ilẹ̀, mo sáré. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Mo padà wá, mo gbé jìtá, mo lu díẹ̀, mo tún sáré.

Nígbà tí a parí, ọ̀gá mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bàbá Ṣọlá, ẹ̀yin lẹ̀ ń sá fún jìtá ni, tàbí jìtá ló ń lé yín?"

Mo ní, "Àgbo ni."

"Ẹ mú ọwọ́ òsì wá." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ dára. Ibòmíràn ni kí ẹ lọ tún ṣe."

Mo délé, mo rò pé ojú ti tì mí tán. Kò tí ì tán. Ní ọjọ́ kejì Bàbá Tanko ránṣẹ́ pè mí sí abẹ́ máńgòrò. Málàmù Sani jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ìyá Bọ́sẹ̀ àti àwọn ará ilé yòókù dúró, wọ́n ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀.

Bàbá Tanko ní, "Sani ti wá sọ́dọ̀ mi."

Àbẹ̀kẹ́ kò sí nílé. Mo ti ń rò ó bí n óo ṣe sọ fún un pé kó má padà sí yàrá tó fi sílẹ̀, bí n óo ṣe tú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ibi tí n óo gbé e gbà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́. N kò jẹ́ kí ó dún rí."

Málàmù fò dìde. "Kai! Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn! Kò dún! Ta ló pa á?"

"Ta ló pa ta ni?"

"Jìtá! Láti ọdún tí ẹ ti dé, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo gbé orí ti pátákó, jìtá á máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò lórí koríko, mo máa sùn. Nísinsìnyí jìtá ti kú. Ẹran ló ń ké níbẹ̀. Ó ń ké, ó ń ta ìpá. Mo sùn lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá mi bá mi lójú oorun. Wọ́n máa lé mi!"

Mo ní, "Ẹ ń gbọ́ ọ? Láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ṣé adití ni mí? Ìṣó tí o kàn yọ sí ọ̀dọ̀ mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo ń fi tẹ̀sùbáà, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mi, kọ́. Bí o bá lu okùn ńlá, tẹ̀sùbáà á máa jó."

Ògiri létí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kan etí mọ́ tèmi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ẹ̀ ń sùn ni."

"Mò ń sùn! Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn!" Ó yíjú sí Bàbá Tanko. "Orin kan wà tí kì í rí ìdí rẹ̀ mú. Bí ó bá dé ibẹ̀, á ṣubú, á padà sẹ́yìn. Ó ṣe é títí òjò fi dé tí òjò fi lọ. Ọjọ́ tó rí i mú, mo dìde lórí ẹní, mo ní, *Alhamdulillahi!*"

Ìyá Bọ́sẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ dúró. Jìtá ni? Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí?"

Mo wọlé, mo gbé àpótí kékeré àti héèdífóònù jáde. Mo fi bo etí Bàbá Tanko, mo lu jìtá fún un. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sá. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó pa ojú dé. Láìpẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí janlẹ̀. Ó ń kùn sókè, ohùn rẹ̀ burú ju tèmi lọ.

Málàmù ní, "Ẹ rí i! Ẹ rí ẹran náà!"

Àwọn obìnrin wó sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Bàbá Tanko yọ ọ́ kúrò létí, ó ní, "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó gbé héèdífóònù lé mi lọ́wọ́. Ó dájọ́. "Kí jìtá padà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ẹran dákẹ́. Bí Sani bá tún wá sọ́dọ̀ mi pé òun kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ ó kó jáde."

Ẹnì kan kò tíì gbọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rí ní Dutse Alhaji.

Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti oṣù mẹ́fà lọ. Kò yà á lẹ́nu. Ó ń tú ẹrù rẹ̀.

Mo ní, "O mọ̀?"

"Mo mọ̀ tipẹ́. Málàmù ló bá mi lẹ́nu kànga, ó ní òun fẹ́ kí yín kú iṣẹ́. Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Bàbá Ṣọlá, ẹ̀yin tí mo mọ̀ yìí? Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́, kí ẹ máa rò pé kò gbọ́. Ara yín á balẹ̀." Ó ká ìró rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. "Èmi ńkọ́, kí lẹ rò pé mo ń wá ṣe nídìí kọ́bọ́ọ̀dù yìí láti ọdún yìí wá? Ẹ̀yìn ń dùn mí ni?"

Mo ní, "Hẹn."

Láti ìgbà náà, orin tí mo ti mọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ni. Orin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, àpótí kékeré ni, ṣùgbọ́n mo máa ń ki orín sẹ́nu kí n má bàa ké, mo sì máa ń gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ máa kọ́ ọ, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi: irinṣẹ́ tuntun dára, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé èyí àtijọ́ jù nù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lódì kejì.

Irinṣẹ́ kò yé yí padà. Ní ìkẹyìn, òtẹ́ẹ̀lì ra dùùrù oníná kan, èyí tí wọ́n ń pè ní kíbọọ̀dù, tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì í. Ó tẹ bọ́tìnnì, ìlù dún. Ó tẹ òmíràn, jìtá dún, láìsí jìtá níbẹ̀. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ, ó ní kí ọmọ náà mú ọwọ́ òsì wá. Ó tẹ ìka rẹ̀. Ó mi orí. Ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì kì í tẹ ìka.

Kò dùn mí pọ̀. Oríkèé ìka mi ti ń le lásìkò yẹn, ó ń ro mí láàárọ̀. Mo kí ọ̀gá mi pé ó dàbọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ojú rẹ̀ kò sì yí padà mọ́.

Ọdún náà ni Àbẹ̀kẹ́ kú. Àìsàn náà kò pẹ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ti ìlú dé lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé jìtá sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í mọ́ àwọn ìró rẹ̀. Àwọn èèyàn wá, wọ́n kí mi, wọ́n lọ. Málàmù náà wá, ó jókòó sílẹ̀, ó ṣe àdúrà, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ilé dákẹ́ bí mo ti ń fẹ́ kó dákẹ́ nígbà gbogbo. N kò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ wúwo bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan pátákó láti òdì kejì. Mo ní, "Málàmù, kí ló dé?"

Ó ní, "Mò ń dàgbà. N kò rí oorun sùn." Ó tún kan pátákó. "Èyí tó máa ń ṣubú nì. Bí ó bá tilẹ̀ ṣubú, kò burú."

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé jìtá jáde láàárín ìró Àbẹ̀kẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, ibi tó máa ń jókòó sí, mo gbé orí jìtá ti pákó. Ìka mi le. Mo bẹ̀rẹ̀ orin náà, mo dé ibi tó le, mo ṣubú, mo padà sẹ́yìn.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ jìtá dára. N kò mọ èsì tí ẹ máa fi sínú ìwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo fọwọ́ kan okùn ńlá, mo gbọ́ tí tẹ̀sùbáà ń lu pátákó ní òdì kejì, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Málàmù bẹ̀rẹ̀ sí hanrun.